Bí Mo Ṣe Wọ Inú Kọ̀ǹpútà Lọ Wá Ohùn Àrìnpé

Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Ẹ̀yin ọmọ kéékèèké, ẹ bọ́ síwájú. Ẹ̀yin òbí, ẹ gba ẹ̀yìn, ẹ ti rí ayé tó. Ẹni tó bá gbé ẹ̀pà wá, kó dì í mọ́wọ́ ná, torí tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ibi tó gbóná, mi ò fẹ́ gbọ́ kùrùmù-kùrùmù ẹnu ẹnì kankan. Tíṣà Adélakùn náà nìyẹn lẹ́bàá ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Rọra, Tíṣà. Ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wá kàn ọ́.

Èmi ni Ọdẹ́yalé. Kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ mí ní Òkè-Agbọ̀n yìí. Èmi àti ẹfọ̀n ti wo ara wa lójú rí, ẹfọ̀n ló kọ́kọ́ wolẹ̀. Mo ti fi erè ṣe ìrọ̀rí sùn rí, ilẹ̀ mọ́, erè ló bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ dìde, ọrùn ti ń ro òun. Ìwé tí mo kà kò ju ti ẹni tó gba ẹ̀yìn ilé ìwé kọjá lọ sóko. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀ yìí, ta ló ti wọ inú ẹ̀ rí? Mo ní ta ni?

Kí lo wí, Gbádébọ̀? O ní irọ́ ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ gbọ́ ẹlẹ́mu tó ń fi omi lu ẹmu, òun ló ń pe ẹlòmíì ní onírọ́! Jókòó sídìí igi ìyeyè rẹ jẹ́ẹ́. Ìwọ náà wà nínú ìtàn yìí, o kàn ò tíì mọ̀ ni.

Gbogbo yín lẹ mọ Àrìnpé ìyàwó mi kí ọlọ́jọ́ tó dé. Tó bá ti ń ki ilé onílé, òkú ilé yẹn á fẹ́ dìde kí wọ́n wá náwó. Lọ́dún tó ṣáájú ikú ẹ̀, Tíṣà Adélakùn sọ fún àwọn ọmọ ìwé ẹ̀ pé kí wọ́n lọ gba oríkì gbogbo agbo ilé wá, kí wọ́n kó o sínú kọ̀ǹpútà, kó má baà parun. Ìbíyẹmí, ọmọ ọmọ mi, ọmọ tí Ọdẹ́kúnlé àkọ́bí mi bí, ló kó wọn wá sí pálọ̀ mi, òun, Tíṣà àti ẹ̀rọ. Àrìnpé jókòó, ó tún gèlè wé, ó bẹ̀rẹ̀. Láti ilé Olóko dé ilé Alágbẹ̀dẹ, kò fi ẹnì kan sílẹ̀. Ìgbà tó tó àsìkò, ó lọ. Ohùn ẹ̀ ló kù ní ilé ìwé. Lọ́jọ́ tó bá wù mí, màá wẹ̀, màá wọ agbádá, màá lọ síbẹ̀ bí ẹni ń lọ kí àfẹ́sọ́nà. Ìbíyẹmí á tẹ kiní kan, Àrìnpé á máa kì mí. Ọkàn mi á balẹ̀.

Ó di ọjọ́ kan, ọmọ yìí sáré wọlé, omi lójú, ó ní, "Bàbá àgbà, wọ́n ti ti Ìyá àgbà mọ́lé!"

Mo gbé ìbọn, mo fọn súfèé sí ajá mi, Tanímọ̀la, ó di ilé ìwé. Nígbà tí mo débẹ̀, ojú gbogbo kọ̀ǹpútà pọ́n bí ojú ọ̀mùtí. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí i lójú pé àwọn ti ti gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ pa, ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó wá san owó ìràpadà. Ìràpadà! Gẹ́gẹ́ bí ajínigbé! Tíṣà Adélakùn káwọ́ lérí.

Mo ní, "Tíṣà, ta ló ṣílẹ̀kùn fún wọn?"

"Bàbá, èmi ni."

"Báwo?"

"Wọ́n fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lórí kọ̀ǹpútà. Bàbá, wọ́n kì mí! Wọ́n ní, 'Adélakùn, ọmọ agórí-òkè-kàwé, ọmọ afi-ṣọ́ọ̀kì-lalẹ̀-ìmọ̀, tíṣà tó gbayì jù lọ, a ti yàn ọ́ fún ẹ̀bùn. Tẹ ibí.' Orí mi wú. Mo tẹ ibẹ̀."

"Ta ló kọ́ wọn ní oríkì rẹ?"

Ó wolẹ̀. "Èmi ni mo kọ ọ́ sórí Fesibúùkù lọ́jọ́ ìbí mi."

Ìbíyẹmí ní, "Ẹ má bínú o, sà. Bàbá àgbà, kọ̀ǹpútà gan-an pariwo. Ó ní nǹkan yẹn ò dáa, kí Tíṣà má ṣí i. Tíṣà ní ariwo ẹ̀ ti pọ̀ jù, wọ́n bá pa á lẹ́nu mọ́."

Háà! Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí fìlà mi já bọ́. Mo ní, "Àgbà tíṣà bí i tìẹ! Wọ́n kàn kì ọ́ báyìí, o ṣílẹ̀kùn fún olè!" Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀rín yẹn o. A máa padà bèèrè ẹ̀.

Tíṣà ní kò sí ọgbọ́n mọ́, àfi kí òun fọ gbogbo ẹ̀rọ náà nù kóòrùn tó wọ̀, torí àrùn yẹn ń ràn, ó sì fẹ́ ràn dé yàrá ọ̀gá àgbà. Tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló parẹ́ nìyẹn. Ohùn Àrìnpé náà parẹ́. Ṣé obìnrin kan máa kú lẹ́ẹ̀mejì ni?

Mo ní, "Ẹ fún mi títí oòrùn á fi rẹ̀." Mo yíjú sí Ìbíyẹmí. "Wáyà wo ló so gbogbo wọn pọ̀?" Ó fi hàn mí. "Dì í mú. Tó o bá gbọ́ súfèé mi, fà á yọ, má wẹ̀yìn." Mo gbá egbé tí bàbá mi fún mi mọ́ àyà, mo ní, "Ihò tí èkúté gbà, ọdẹ náà á gbà á!" Èmi àti Tanímọ̀la bá gba ojú ihò kékeré tí ẹ̀yin ọmọ ìwé máa ń ki fúláàṣì bọ̀, ìyẹn kiní bí ìka ọwọ́ tẹ́ ẹ máa ń kó iṣẹ́ yín sí. A wọlé.

Igbó ni. Igbó gíláàsì. Igi ń tàn, ewé ń tàn, kò sí òórùn kankan. Ọdẹ tó bá dé igbó tí kò lóòórùn, kó mọ̀ pé igbó yẹn ń fi nǹkan pa mọ́. Mo ṣe ohun tí bàbá ọdẹ gbogbo máa ń ṣe tó bá dé ẹnu ààlà igbó àjèjì: mo ki ara mi. Mo ké tòò, mo ní, "Èmi Ọdẹ́yalé! Ọmọ arìn-gbẹ̀rẹ̀-lójú-ẹkùn! Ọmọ afi-ìrù-ẹfọ̀n-léṣinṣin!" Gbohùngbohùn kankan ò dá mi lóhùn. Mo ní ẹ̀rù mi ló ń ba igbó. Èmi ò mọ̀ pé igbó ń kọ́ ọ sórí ni.

Ibi tí mo ń lọ, mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, "Ẹ kú ìrìn, bàbá ọdẹ." Mo wòkè. Kiní kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka igi, kò lẹ́sẹ̀, kò nídìí, ó sanra bí ọmọ olówó. Igi tó lẹ̀ mọ́ ti ń gbẹ lọ.

Ó ní, "Ààlọ́ o."

Mo ní, "Ààlọ̀."

"Kò lẹ́sẹ̀, ó rin gbogbo ilé ìwé já. Kò léyín, ó jẹ iṣẹ́ ọmọ ìwé tán. Kò lọ́kọ, ó bímọ kún ilé. Kí ni o?"

Mo ní, "Ìwọ ni. Àfòmọ́ ni ọ́. Àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ló ń bá tan."

Ó rẹ́rìn-ín kẹ́ẹ́. "Bàbá yìí gbọ́n! Fáírọ́ọ̀sì làwọn ọmọ ìwé ń pè mí. Ara iṣẹ́ oníṣẹ́ ni mo máa ń lẹ̀ mọ́. Tí wọn ò bá ṣí iṣẹ́ yẹn, mo sùn. Tí wọ́n bá ṣí i, mo jí, mo bímọ, àwọn ọmọ mi lẹ̀ mọ́ òmíì."

"Ta ló wá ń gbé ọ kiri, ìwọ tí o ò lẹ́sẹ̀?"

"Fúláàṣì lẹṣin mi. Ọmọ kan á gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta fíìmù ọ̀fẹ́ àti orin ọ̀fẹ́, mo ti gùn ún nìyẹn. Tó bá dé kíláàsì, gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ á yá a lò. Ọmọ Òkè-Agbọ̀n ò láhun! Bàbá, ẹ dákun, ẹ pọ̀n mí dé iwájú."

Mo ní, "Ẹ̀yìn tí mo fi ń ru ẹtu, kì í ṣe ẹ̀yìn ọ̀lẹ." Mo bá tèmi lọ. Ó ń ké lẹ́yìn mi pé, "Kò burú, ẹlòmíì ń bọ̀!" Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ bó ṣe dá a lójú tó? Ẹ̀yin ló ń dúró dè.

Kò pẹ́ ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣááá. Ìjàlọ! Wọ́n tò bí ọ̀nà ọba, wọ́n ń ti inú ilé kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn yìí ò wá ẹṣin, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi ń rìn. Mo tú eérú inú ìkòkò tábà mi dà yí ara mi ká, wọ́n dúró. Olórí wọn gbórí sókè, ó ń bínú.

Mo ní, "Ta ló ń ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀yin?"

Ó ní, "A ò nílò ilẹ̀kùn. Ògiri tó bá lanu la ń bá wọlé. Kọ̀ǹpútà á máa bẹ ọ̀gá ẹ̀ pé, 'Ẹ dí ihò yìí fún mi.' Ọ̀gá ẹ̀ á ní, 'Ó dọ̀la.' Ọ̀la yẹn làwa ń jẹ."

"Iwin wo ló bí yín?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. "Iwin kẹ̀? Èèyàn ni! Èèyàn tó jókòó sórí àga, tó ń mu tíì, ló ṣe wá, ló rán wa níṣẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù ju iwin lọ. Iwin, mo mọ ohun tí mo lè fi lé e.

Bí mo ṣe kọjá, mo dé ẹnubodè ìlú kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde sí mi, ó rẹwà, aṣọ ẹ̀ ń dán. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan ilẹ̀. Ó gbóhùn sókè, ó ní, "Ọdẹ́yalé! Ọmọ arìn-gbẹ̀rẹ̀-lójú-ẹkùn! Ọmọ afi-ìrù-ẹfọ̀n-léṣinṣin!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ara mi yá. Orí mi wú, fìlà ò gbà á mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yan bí ọba. Ó ní Adùnlẹ́nu lorúkọ òun, ìlú ló ní kí òun gbé ẹ̀bùn pàdé baba ọdẹ. Ó gbé igbá olómọrí kan sílẹ̀ níwájú mi. Tanímọ̀la gbọ́ òórùn igbá yẹn, irun ọrùn ẹ̀ dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbó: wó! wó! wó!

Mo ní, "Pa ẹnu ẹ mọ́! O fẹ́ dójú tì mí níwájú èèyàn iyì?" Mo fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́yìn. Mo ṣí igbá.

Ọwọ́ ló wà níbẹ̀. Kò sí èèyàn, kò sí orí, ọwọ́ lásán, ọwọ́ tó pọ̀. Ọ̀kan gba ìbọn, ọ̀kan gba àpò oògùn, ọ̀kan ṣí fìlà lórí mi, ọ̀kan sì tú okùn ṣòkòtò mi kí n má baà lè sáré!

Tíṣà, ò ń rẹ́rìn-ín? Rẹ́rìn-ín dáadáa. Mo ti rẹ́rìn-ín tìẹ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀rín yẹn, ẹ lè gbé e fún Tíṣà báyìí.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ṣòkòtò mú, mo ní, "Adùnlẹ́nu, ta ló kọ́ ọ ní oríkì mi?"

Ó ní, "Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ẹ ò rántí pé ẹ pariwo ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ wọlé?"

Wọ́n fà mí dé ọ̀dọ̀ olórí wọn. Atìlẹ̀kùn-mọ́-Onílé lorúkọ ẹ̀. Irun orí ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ni. Tó bá mi orí, á dún wọ̀rọ̀-wọ̀rọ̀. Ohùn ẹ̀ sì tutù bíi ti ẹni tó fẹ́ fi ọmọ ẹ̀ fún èèyàn. Àpótí irin kún ilé ẹ̀ dé àjà. Nínú ọ̀kan, mo gbọ́ ohùn tí mo mọ̀, ó ń kọrin lábẹ́ ẹnu bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Àrìnpé!

Ó ní, "Ọdẹ́yalé, èmi ò bá ọ jà. Fún mi ní oko kòkó tí bàbá rẹ fi sílẹ̀, kí n fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ àpótí yìí."

Kí n má purọ́ fún yín, ẹnu mi ti là láti sọ pé kó máa gbé e. Kí ni kòkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àrìnpé? Ṣùgbọ́n ọdẹ ni mí. Ọdẹ kì í wọ ihò kó má kọ́kọ́ wo ipa ẹsẹ̀. Mo wolẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ àwọn tó gbé owó wá pọ̀ lọ jàra, gbogbo ẹ̀ kọjú sínú. Èyí tó kọjú síta, mi ò rí ọ̀kan. Mo gbójú sókè, mo rí ọkùnrin kan lórí bẹ́ǹṣì, ọ̀gá ilé ìwé láti ìlú òkèèrè, táì ẹ̀ ti gbó mọ́ ọn lọ́rùn.

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti san?"

Ó ní, "Mo san. Ó ní kí n san sí i. Mo san sí i. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́ ò wọlé. Ó ní kí n san ti òróró tí wọ́n máa fi kùn ún."

Ìgbà yẹn ni orin dákẹ́ nínú àpótí. Ohùn ẹ̀ ní, "Bàbá Ọdẹ́kúnlé, ṣé ẹ̀yin náà ti ṣí igbá?"

"Mo... mo ṣí i."

"Mo mọ̀. Wọ́n kì yín ni."

Mo tún ṣòkòtò mi dì mú dáadáa.

Ó ní, "Ó dáa. Kí ni mo máa ń ṣe sí àgbàdo irúgbìn?"

"O máa ń pín in ni. O máa kó apá kan sí àká, o máa so apá kan sókè àjà ìdáná."

"Nítorí kí ni?"

"O ní tí iná bá jó àká, kí oko má baà di ahoro."

"Ẹ máa lọ sílé."

Ó bẹ̀rẹ̀ orin ẹ̀ padà. Mo dúró bí òpó. Ó wá dà bí ìgbà tí mànàmáná kọ lórí mi. Mo rántí ọjọ́ tí wọ́n gba ohùn ẹ̀ ní pálọ̀. Nígbà tí wọ́n parí, ó na ọwọ́ sí Tíṣà, ó ní, "Ẹ fún èmi náà ní tèmi dání." Tíṣà fún un ní kiní kékeré kan bí ìka. Èmi ni mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé ó fẹ́ fi se ọbẹ̀ ni!

Mo kọjú sí Atìlẹ̀kùn, mo ní, "Tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ. Àpótí yẹn, máa fi jókòó."

Ó gbọn orí, kọ́kọ́rọ́ dún, gbogbo ọwọ́ yẹn dìde sí mi. Wọ́n ti gba ìbọn, wọ́n ti gba àpò. Ṣùgbọ́n súfèé ọdẹ ò sí nínú àpò, inú àtẹ́lẹwọ́ ló wà. Àfi kí n fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ lára ṣòkòtò! Mo rò ó, mo fi í sílẹ̀. Mo pa àtẹ́lẹwọ́ dé, mo fọn ọ́n: fííííù!

Ìbíyẹmí fa wáyà yọ.

Ilẹ̀ mì. Ọ̀nà tí ìjàlọ ń gbà já ní agbede méjì. Gbogbo ọwọ́ yẹn rọ wọ̀ọ̀ bí ewé gbígbẹ. Mo di ìrù Tanímọ̀la mú, egbé gbé wa, ó di gbàà lórí tábìlì Tíṣà, nínú abọ́ gààrí tó ń mu. Ọpẹ́lọpẹ́ pé dàńṣíkí mi gùn.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, mo sáré lọ sílé, mo gun àjà ìdáná. Àárín àgbàdo irúgbìn, mo rí gèlè Àrìnpé tí èéfín ti sọ dúdú. Mo tú u. Fúláàṣì nìyẹn, ó sùn síbẹ̀ bí ọmọ tuntun.

Bí mo ṣe gbé e dé, Tíṣà já a gbà lọ́wọ́ mi, ó fẹ́ ki í bọ ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. Ìbíyẹmí figbe ta: "Ẹ dúró, sà! Ṣé inú àká tó ṣì ń jó lẹ fẹ́ kó irúgbìn tó kù sí?" Tíṣà fa ọwọ́ padà bí ẹni fọwọ́ kan iná. Wọ́n kọ́kọ́ fọ gbogbo ẹ̀rọ mọ́. Wọ́n dí gbogbo ihò tí kọ̀ǹpútà ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dí. Wọ́n fi ajá ẹ̀rọ síbẹ̀, ìyẹn kiní tó ń ṣọ́ ọ. Ìbíyẹmí ní wọ́n gbọ́dọ̀ máa bọ́ ọ déédéé, torí ọ̀tá tuntun ń dé lójoojúmọ́, ajá tí wọn ò bá bọ́ ò lè mọ òórùn wọn. Mo ní kí wọ́n fi kún un pé tí ajá bá gbó, kí àgbà má fi ẹsẹ̀ tì í. Wọ́n jẹ́ kí ajá yẹn gbóòórùn fúláàṣì náà. Kò gbó. Wọ́n ṣe ẹ̀dà míì, wọ́n sì gbé ti Àrìnpé fún mi padà. Orí àjà ló wà báyìí.

Wọ́n wá tẹ̀ ẹ́. Ará ìlú àti ọmọ ìwé pé jọ síbẹ̀. Àrìnpé mú un láti ilé Olóko. Àwọn obìnrin ń sunkún, ẹ̀rín ń gba inú ẹ̀ jáde. Ó dé àárín ilé Alágbẹ̀dẹ, ibi tí mi ò tíì gbọ́ dé rí, torí oríkì tèmi nìkan ni Ìbíyẹmí máa ń tẹ̀ fún mi, a bá gbọ́: kó, kó, kó. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn wa lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba ohùn yẹn! Ó dúró síta, ó ń ké pé, "Ọdẹ́yalé! Ọmọ arìn-gbẹ̀rẹ̀-lójú-ẹkùn!"

Gbádébọ̀, ìwọ ni! Ìwọ tó o gbé ẹmu olómi wá! Ṣebí mo ní o wà nínú ìtàn yìí?

A gbọ́ bí àga mi ṣe ké tí mo dìde fìrí. A sì gbọ́ Àrìnpé tó dá oríkì dúró, tó ní, "Bàbá Ọdẹ́kúnlé, ẹ jókòó ná. Wọ́n kàn kì yín, ẹ ti ń sáré lọ ṣílẹ̀kùn. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé ta ni, kí ló gbé wá."

Tíṣà wò mí. Èmi náà wo Tíṣà. Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ọwọ́ wa sì ń nu ojú.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ bi Gbádébọ̀, ó lè kì mí lẹ́nu ọ̀nà títí ìfófò ẹmu ẹ̀ á fi rọlẹ̀. Màá jókòó sínú ilé, màá ní, "Ta ni? Kí lo gbé wá?" Inú mi á sì máa dùn, torí kì í ṣe ohùn tèmi ni mo fi ń bi í.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ọ̀fun mi ti gbẹ. Ẹni tó bá ṣì ní ẹ̀pà lọ́wọ́, kó gbé e wá. Má wulẹ̀ kì mí. Sọ orúkọ rẹ.